Oúnjẹ Adúmáadán, Ológbò Ilé Ọkọ Mi

Ojúlé 17, Ashmere Way,
Becontree Heath,
Dagenham, London.
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Bélú, 2024.

Ramlat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò dára, ìwọ náà kúkú mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama, orúkọ ẹja lára apẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ń kọ. Ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu mi, ká má tilẹ̀ sọ ti bírò. Níbi tí lẹ́tà bá ti wọ́, fi ojú ọ̀rẹ́ kà á. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé yìí kò tóbi, ohùn máa ń gba ara ògiri kọjá, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo ilé lè máa gbọ́. Bọ̀dá Olúgbémiga, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ń bọ̀ wálé ní Sátidé. Òun ni yóò mú un wá fún ọ. Mo ti kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyàwó tuntun ni mí, n kì í mọ ìgbà tí wọn yóò pè mí. Tí ọ̀rọ̀ bá já lójijì, má bẹ̀rù, iṣẹ́ ilé ló dé.

Ó yá, ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Alùfáà, bàbá rẹ, ńkọ́, ṣé ohùn wọn ṣì ń ròkè ní mọ́sáláṣí bíi ti àtijọ́? Àwọn ọmọ rẹ méjèèjì ńkọ́, ṣé èyí kékeré ti ń rìn? Ààrò ẹja wa ńkọ́, ṣé òjò ọdún yìí kò wó o? Nígbà mìíràn tí mo bá ṣí àpótí mi, òórùn èéfín ààrò yẹn á kàn fẹ́ sí mi lójú, á wá dà bíi pé o dúró lẹ́yìn mi tí ò ń sọ pé kí n yí ẹja padà kó má jóná.

Èmi náà wà dáadáa, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Òtútù ibí kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ́ mi lára. Dámiláre ọkọ mi ń kí ọ. (Inú ìwé nìkan ni mo ti lè kọ orúkọ yẹn gbangba, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.) Níbi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Oṣù kẹrin rèé tí mo dé, n kò tíì kábàámọ̀.

Ìròyìn tí mo mú wá, nípa ológbò ni. Má tíì rẹ́rìn-ín.

Ṣé o rántí bí àwa méjèèjì ṣe máa ń fi igi ìdáná lé ológbò kúrò nídìí ààrò, tí Ìyá wa á máa pariwo pé, "Ẹ lé olè yẹn!" Èmi yẹn náà ni mo wá ń kúnlẹ̀ níwájú ológbò lójoojúmọ́ ní ìlú òyìnbó, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun kó jẹun.

Bàbá ọkọ mi, tó di olóògbé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ló gbé ológbò náà wálé ní kékeré, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé ní Gascoigne, àdúgbò kan ní Barking, kí wọ́n tó wó ilé tí wọ́n wà níbẹ̀ láti kọ́ òmíràn. Dúdú ni, ó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi àdí pa lára, àfi ọrùn rẹ̀ tó funfun báláú bíi kọ́là àlùfáà. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi sọ ọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti wà nínú ẹbí yìí. Mọ́mì, ìyẹn ìyá ọkọ mi, kì í mu tíì láàárọ̀ kí wọ́n má kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á ròyìn àlá wọn fún un, wọ́n á sọ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun á kàn máa ṣẹ́jú.

Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí onítọ̀hún kéré tó. Mo ti fún gbogbo wọn lórúkọ tèmi. Moṣọpẹ́, àbúrò ọkọ mi, tí wọ́n bí síbí, tó ń lọ sí yunifásítì, Ìbàdíàrán ni mo ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a dé ọ̀dọ̀ ológbò. Mo rò ó títí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ṣáájú mi wọ ilé yìí. Ta ni mí tí mo fi máa dúró gbagidi kí n máa pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù? Ni mo bá ń pè é ní Adúmáadán. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Ìbàdíàrán ní, "Ìyàwó wa, o ti ní ọkọ méjì nínú ilé yìí nìyẹn o!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ológbò ní ọkọ mi.

Èmi, "Ìyàwó" ni gbogbo wọn ń pè mí. Ìyàwó, wá. Ìyàwó, ṣé o ti jẹun? Kò burú, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pè é. Ṣùgbọ́n, Ramlat, láti ìgbà tí ìyá àgbà mi ti lọ, kò sí ẹni tó ń fi oríkì mi pè mí mọ́ àfi ìwọ. Nígbà mìíràn mo máa ń pe ara mi níwájú dígí, kí etí mi má baà gbàgbé.

Kí n tó dé ni àìsàn ti ń ṣe Adúmáadán. Kíndìnrín ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní oṣù Ògún, dókítà ẹranko sì sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, kò lè fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń mu omi bí ẹni tó sun ẹran jẹ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń gbẹ síbẹ̀. Kò sí òògùn tó lè sọ kíndìnrín àgbà di tuntun. Oúnjẹ lòògùn rẹ̀ tó tóbi jù. Wọ́n ní oúnjẹ kan tí wọ́n dì sínú agolo fún irú wọn, tí wọ́n ṣe níwọ̀nba kó má baà di ẹrù lé kíndìnrín lórí.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Manchester bímọ obìnrin, Olúwatùmínínú lorúkọ ọmọ. Mọ́mì ní láti lọ wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n fà mí lọ́wọ́ dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi agolo hàn mí.

"Ìyàwó, oúnjẹ ilé dókítà nìkan ni kó máa jẹ o. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin ọmọ, ohun kan ṣoṣo tó ń mí tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Mi ò fẹ́ dé kí n má bá a."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." N kò béèrè ohunkóhun. Ìyàwó oṣù méjì, kí ni yóò máa bi ìyá ọkọ léèrè?

Ọjọ́ kìíní, mo ṣí agolo, mo dà á sínú abọ́. Adúmáadán gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó kọ̀yìn sí mi. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ohun tó dùn mí, Ramlat, kì í ṣe ti àìsàn rárá. Mo rò ó pé ilé ọkọ ti kọ oúnjẹ ọwọ́ mi. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ ní Ẹ̀pẹ́ nípa ìyàwó tí ará ilé ọkọ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ni èmi ọmọ ẹlẹ́ja bá rántí ohun tó wà nínú àpótí mi.

Ọ̀bọ̀kún gbígbẹ tí ìwọ fúnra rẹ dì fún mi ni, èyí tí a fi iyọ̀ pa dáadáa kó má baà bàjẹ́ lọ́nà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo yọ egungun rẹ̀, mo fọ́ mágí díẹ̀ sí i kó lè ta sánsán, mo pò ó mọ́ oúnjẹ agolo. Háà! Adúmáadán fò kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn bí ọmọ ọdún méjì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́, ó tún lá ìka mi. Mo jó nínú kíṣìnnì. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́mì pè láti Manchester, wọ́n ní, "Ìyàwó, wọ́n ní ó ń jẹun! Ọwọ́ rẹ mà tutù o. Kí lo ṣe sí i?"

Mo ní, "Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni, mà." Ọkọ mi náà bi mí, mo ní oúnjẹ agolo ló ń jẹ. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nílé ọkọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹfà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Omi inú abọ́ rẹ̀ gbẹ kí oòrùn tó gun òkè. Ó ká ara jọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ ń rùn, ojú rẹ̀ wọ inú. Kò jẹ ti agolo, kò sì jẹ ẹja mọ́. Ẹ̀rù bà mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo bu omi sínú ife, mo gbàdúrà sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ mi, mo fi tọ́ ọ lẹ́nu. Ó gbọn orí, ó fi omi àdúrà wọ́n mi lójú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ nínú ara mi pé iyọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi bù, Ọlọ́run kò ní bá mi bù ú jáde.

Ìbàdíàrán ló tú àṣírí mi. Ó ti ilé ìwé dé, ó fẹ́ fọ abọ́ ológbò, ó rí egungun kan nínú rẹ̀ tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.

"Ìyàwó wa, kí lèyí?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ẹja ni? Èyí tó wà nínú àpótí yẹn? Oníyọ̀ yẹn?" Ó gbé ọwọ́ lérí. "Jísọ̀ọ̀s! Kíndìnrín ló ń ṣe é, àǹtí mi! Kíndìnrín!"

Mo bú sẹ́kún. Ó rọra jókòó tì mí lórí ilẹ̀. Yorùbá rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ kọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í fẹsẹ̀ kọ. Ó ní, "Òkéè. Má sunkún, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká gbé e lọ. Bọ̀dá mi máa wà wá lọ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé."

Lọ́dọ̀ dókítà ní Barking, ọkọ mi gbé àpótí ológbò lé orí itan, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé Adúmáadán lé orí ìwọ̀n. Kílò mẹ́ta géérégé. Ní oṣù Ògún, mẹ́ta ààbọ̀ ni. Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìbàdíàrán rọra túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Dókítà ní tó bá jẹ́ oúnjẹ agolo nìkan ló ń jẹ tó sì tún wó lulẹ̀ tó báyìí, á jẹ́ pé kíndìnrín náà ti dé òpin ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pé àánú ni ká jẹ́ kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kó sùn lọ.

Ọkọ mi ní, "Oúnjẹ yín nìkan ló ń jẹ." Ó dá a lójú gan-an. Ṣé èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ìbàdíàrán mọ òótọ́, ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Kò fẹ́ dójú tì mí níwájú ọkọ mi.

Ramlat, ìwọ mọ̀ mí. Èmi tí òùngbẹ lè gbẹ lọ́fun nílé àlejò kí n má tọrọ omi. Mo wo Adúmáadán lórí tábìlì yẹn, ó ń wò mí padà. Ẹnu mi là.

"Irọ́ ni," mo sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn mi sì ròkè ju bí mo ṣe rò lọ. "Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹja ni mo fún un. Ẹja oníyọ̀, fún ọjọ́ márùn-ún. Pẹ̀lú mágí."

Ìbàdíàrán túmọ̀ rẹ̀. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó yí àga rẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi, kò sì bínú. Ó ní inú òun dùn pé mo sọ ọ́, nítorí nǹkan ti yí padà nìyẹn. Ohun tí iyọ̀ àti òùngbẹ bà jẹ́, ó ṣeé ṣe kí omi tún un ṣe. Ó ní ká fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n lè fa omi sí i lára, ká sì mú un padà ní ogúnjọ́ oṣù Bélú. Tí kílò rẹ̀ bá ti gòkè, kódà kó jẹ́ díẹ̀, ọ̀nà ṣì wà. Tó bá tún lọ sílẹ̀, a ó jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí iná ojú títì dá wa dúró, ọkọ mi yíjú sí mi. Ó wá ní, "Mágí?"

Mo ní, "Díẹ̀ ni."

"Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí." Ó gbìyànjú láti bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ara mi sì fúyẹ́.

Ó ku Mọ́mì. Mo lè ní kí ọkọ mi bá mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná ló yẹ kó pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pè wọ́n, mo kúnlẹ̀ sídìí fóònù bíi pé wọ́n ń rí mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun lẹ́yìn wọn.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Ta lo rò pé ó kọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ní ẹja jíjẹ?"

Wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn. Bàbá ló máa ń bu ẹja ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Lẹ́yìn tí bàbá lọ, àwọn náà ń ṣe é. Nígbà tí dókítà sì ní kí wọ́n má ṣe é mọ́, wọ́n ṣì ń ṣe é, wọ́n kàn ń dúró kí Ìbàdíàrán gòkè lọ ni. Mọ́mì ní, "Ìkẹ́ ni èmi àti ìwọ fẹ́ fi pa á. Ó tó gẹ́ẹ́. Ìwọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí o wá fi kọ́ èmi náà tí mo bá dé." Wọ́n tún bi mí pé, "Kí ni oríkì rẹ?"

Mo ní, "Àmọ̀kẹ́, mà."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n pa fóònù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ológbò. Nígbà tí Adúmáadán ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, n kò tún fi ipá mú un. Oúnjẹ rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ń jẹ kí àìsàn tó dé, ni mo kọ́kọ́ ń gbé fún un, mo wá ń fi ti agolo tuntun sí i bí orí ìka. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ìka méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. N kì í gbé e fún un ní tútù láti inú fíríìjì mọ́. Mo máa ń gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ títí yóò fi gbóná bí ara èèyàn, mo sì ń fi omi díẹ̀ pò ó. Dókítà ní imú ni ológbò fi ń jẹun kó tó fi ẹnu jẹ ẹ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣé àwa ẹlẹ́ja ni wọ́n máa sọ ìyẹn fún?

Abọ́ rẹ̀ tó jìn náà, mo gbé e kúrò, nítorí mo ṣàkíyèsí pé irunmú rẹ̀ ń kan etí abọ́, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwo pẹrẹsẹ ló ń fi jẹun báyìí. Omi rẹ̀ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbé e sí: ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá. Ti ẹ̀gbẹ́ àga yẹn ló fẹ́ràn jù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ló ń jẹun, ṣíbí kéékèèké. Mo lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì, mo ń kọ ohun tó jẹ síbẹ̀. Ìwé yẹn gan-an ló tún ọwọ́ mi là díẹ̀, òun ló kì mí láyà láti kọ èyí sí ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló rọrùn. Ní ọjọ́ kẹta tó délé, mo gbé àwo sílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún kọ̀yìn. Inú bí mi. Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tó wá sí mi lọ́kàn: ta ló ń gbé oúnjẹ fún àgbà lórí ìnàró? Mo padà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo, mo ní, "Adúmáadán, ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jẹun." Mo tẹ orí ba, n kò wò ó lójú, n kò sì dìde. Ó pẹ́ díẹ̀. Ni mo bá gbọ́ tí ó ń lá oúnjẹ, tàn-tàn-tàn. Ìbàdíàrán ní ohun tó wà nínú ìwé tí òun kà nípa ológbò nìyẹn, pé ológbò kì í fẹ́ kí èèyàn dúró gàgàrà lé òun lórí. Èmi kò ka ìwé kankan. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi.

Ọkọ mi bá wa níbẹ̀. Ó ní, "Èmi ńkọ́? Ìgbà wo lo kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi kẹ́yìn?"

Mo ní, "Ṣé kíndìnrín ń dùn yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ramlat, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀!

Ọjọ́ kan tún wà, nínú ọ̀sẹ̀ kejì, tó kọ oúnjẹ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹja rẹ ṣì wà nínú àpótí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pè mí. Mo jókòó lé àpótí náà lórí. Dókítà ti sọ pé ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá lórí ológbò láìjẹun kí a má pe òun, nítorí náà mo ní kí Ìbàdíàrán pè é kíá. Ó ní ká bọ ẹja tútù nínú omi lásán, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò, ká wá fi ṣíbí kan nínú omi náà wọ́n orí oúnjẹ rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo kúnlẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo fi gbogbo ọ̀bọ̀kún yẹn se ọbẹ̀ fún èèyàn, ó sì tán pátápátá. Má bínú, ó dùn gan-an.

Níjẹta, ọjọ́ Túsìdeè, ni Mọ́mì dé. Kí wọ́n tó bọ́ kóòtù, wọ́n ti ń wá Adúmáadán kiri. Ó wà lórí àga bàbá. Wọ́n gbé e, wọ́n fi ọwọ́ wá egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àná ni ogúnjọ́. Gbogbo wa la lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọkọ mi tilẹ̀ gbàyè níbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé Adúmáadán lé orí ìwọ̀n, mo di ojú mi. Mọ́mì ní, "Lajú, ìyàwó." Mo lajú. Mẹ́ta póíǹtì mẹ́ta! Ó gòkè! Mọ́mì pariwo "Halelúyà" kan tí ajá tó wà níta fi dá wọn lóhùn. Dókítà ní àìsàn náà kò ní lọ o, kí a má tan ara wa jẹ, ṣùgbọ́n tó bá ń jẹun báyìí, ó ṣì ní àsìkò láti lò pẹ̀lú wa, kò sì sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kankan lónìí. Ó béèrè ẹni tó ń bọ́ ọ. Mọ́mì fi ọwọ́ tì mí síwájú, wọ́n ní, "Ìyàwó mi ni." Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, èmi náà sì dúpẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ́. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ mo máa bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Barking. Nígbà tá a bá tún lọ, èmi fúnra mi ni mo máa bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀.

Mọ́mì ti fẹ́ gba iṣẹ́ wọn padà láàárọ̀ yìí. Wọ́n dúró, wọ́n gbé àwo sílẹ̀, wọ́n ní, "Bíṣọ́ọ̀bù, ó yá." Ó wo àwo, ó wo bàtà wọn, ó kọ̀yìn. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó! Ó ti rí ìyàwó, kò mọ ìyá mọ́!" Mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi? Fún ológbò?" Wọ́n sì kúnlẹ̀, wọ́n di etí tábìlì mú. Ó jẹ ẹ́. Èmi àti ọkọ mi la jọ gbé wọn dìde.

Bá mi kí Ìyá wa dáadáa, sọ fún wọn pé kí wọ́n má lé ológbò tó bá ti darúgbó mọ́, kí wọ́n fún un lómi. Bá mi kí Alùfáà, kí wọ́n máa fi wá sádùúà. Fi ẹnu kan àwọn ọmọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi. Kí gbogbo àwọn tó wà nídìí ààrò.

Ó ku ohun kan, Ramlat, òun gan-an ni mo sì ṣe mú bírò. Láti ìgbà tí mo ti sọ oríkì mi fún Mọ́mì lórí fóònù, wọn kò tíì fi pè mí rí. Láti Túsìdeè tí wọ́n ti dé, "Ìyàwó" náà ni. N kò lè béèrè. Bóyá wọ́n ti gbàgbé, bóyá wọ́n sì kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n lásán ni. Ìwọ tó ti pẹ́ nílé ọkọ jù mí lọ, jọ̀wọ́, gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n rán wọn létí ni, àbí kí n dákẹ́ kí n máa

Dúró ná. Mọ́mì ń pe ẹnì kan láti kíṣìnnì.

"Àmọ̀kẹ́! Àmọ̀kẹ́ o! Máa bọ̀! Ọkọ rẹ ti jókòó ti àwo, orúnkún mi ò sì lè ṣe ẹ̀ẹ̀kejì lónìí!"

Ramlat, ṣé o gbọ́? Èmi ni. Èmi ni wọ́n ń pè o! Kò tún sí ìmọ̀ràn tí mo ń wá mọ́, oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù, jẹ́ kí n sáré lọ kúnlẹ̀, tí mo bá

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Ọmọ́lẹ́wà.